Abẹ́rẹ́ Àti Pínnì: Èyí Tó Yẹ Aṣọ Kọ̀ọ̀kan, Bí Ẹ Ó Ṣe Lò Ó, Àti Ohun Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ránṣọ nílé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù l'Ákúrẹ́ àti Oǹdó: "Kí ló dé tí máṣíìnì mi ń fò, tó ń fi ibì kan sílẹ̀ láìrán? Kí ló dé tó ń já òwú? Kí ló ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mi?" Kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe, kí ẹ tó máa yí tẹ́ńṣàn (ohun tó ń mú kí òwú le tàbí kó dẹ̀) síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ló jẹ̀bi. Ó lè tóbi jù tàbí kó kéré jù, ó lè ti kújú, wọ́n lè ti fi sí òdì, ó sì lè má jẹ́ ti máṣíìnì yẹn rárá. Owó abẹ́rẹ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bí léèsì olówó gọbọi yóò ṣe rí lára oníbàárà.

Ẹ má ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ kò bá ráyè. Ẹ wá ibi tó kan yín.

Nọ́ńbà ara abẹ́rẹ́ máṣíìnì

Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì lára páálí rẹ̀, bíi 90/14. 90 yẹn ni bí ara abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó: 0.90 mìlímítà. 14 jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ka ìwọ̀n kan náà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń nípọn sí i.

Ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Nọ́ńbà 3 nípọn ju nọ́ńbà 9 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti torí èyí ra abẹ́rẹ́ tó tó ti àpò fún iṣẹ́ síífọ́ọ̀nù.

Èyí tó yẹ aṣọ kọ̀ọ̀kan:

- Síífọ́ọ̀nù, sílíìkì: 65/9 tàbí 70/10
- Sátíìnì, léèsì fẹ́lẹ́: 75/11
- Àǹkárá, àdìrẹ, aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì: 80/12. Bí gọ́ọ̀msítéè (aṣọ líle tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ) bá wà lábẹ́ rẹ̀, 90/14
- Gínnì, léèsì tó nípọn, aṣọ òkè: 90/14. Níbi tí aṣọ bá ti di ìpele mẹ́rin, 100/16
- Jíìnsì, aṣọ báàgì: 100/16 tàbí 110/18

Ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe T-shirt àti ẹ̀wù tó ń fún mọ́ni lára, ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ rí róbótó díẹ̀. "Ballpoint" ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í gún fọ́nrán aṣọ. Ń ṣe ló ń yà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó wọlé. Bí ẹ bá lo abẹ́rẹ́ ṣóńṣó mímú lórí aṣọ tó ń fà, yóò gé fọ́nrán, ihò wẹ́wẹ́ yóò sì máa là sí i bí wọ́n bá ti ń fọ̀ ọ́. Máṣíìnì yóò tún máa fò. Abẹ́rẹ́ awọ ní ẹnu bí ọ̀bẹ: awọ nìkan ni kí ẹ lò ó fún, nítorí ó máa ń gé àǹkárá.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àti òwú bára mu, ẹ gé òwú bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi bọ ojú abẹ́rẹ́ tí kò sí lára máṣíìnì. Ẹ di orí òwú méjèèjì mú kó le gbọin, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ yóò yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá há síbẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ti kéré jù fún òwú yẹn. Ibẹ̀ ni òwú ti máa ń ya, tó sì ń já.

Lẹ́tà tó wà lára páálí ṣe pàtàkì bíi nọ́ńbà

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ilé, títí kan máṣíìnì dúdú alọ́wọ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ni HA×1. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ ní 15×1 tàbí 130/705 H. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì indọ́sítírì tó ń rán tààrà sábà máa ń jẹ́ DB×1. Orí tirẹ̀ rí róbótó yípo, ó sì tín-ín-rín.

Bí ẹ bá fi DB×1 sínú máṣíìnì ilé, yóò wọlé, ẹ ó sì rò pé ó ti bá a mu. Ṣùgbọ́n kò ní dúró síbi tó yẹ, húùkù (irin abẹ́ máṣíìnì tó ń gbé òwú) kò ní rí òwú gbé, gbogbo ojú rírán yóò sì máa fò. Ti máṣíìnì wííbìn, èyí tó ń wé etí aṣọ, ọ̀tọ̀ ni. Oríṣi rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ mú páálí abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání lọ sọ́jà. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tàbí Odòjọmu l'Óǹdó, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síípù. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n kó sínú ọ̀rá láìní páálí, nítorí ẹ kò ní mọ irú èyí tí ẹ rà.

Bí ẹ ó ṣe pààrọ̀ abẹ́rẹ́ máṣíìnì

1. Ẹ pa iná rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì pátápátá.
2. Ẹ yí wíìlì sí ọ̀dọ̀ ara yín títí abẹ́rẹ́ yóò fi gòkè tán.
3. Ẹ fi ègé aṣọ kékeré bo ihò abẹ́ fúùtù (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀), kí abẹ́rẹ́ tàbí ṣúkúrù má baà jábọ́ sínú máṣíìnì.
4. Ẹ dẹ ṣúkúrù. Ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ fa abẹ́rẹ́ wálẹ̀.
5. Ẹ wo abẹ́rẹ́ tuntun náà lójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ìlà jíjìn kan tó gùn láti òkè dé ojú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn, díẹ̀ lókè ojú náà, ẹ ó rí ibì kan tí wọ́n gé wọnú díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí òwú ti ń wọlé ni ìlà gígùn máa ń kọjú sí. Ẹ̀yìn tó wọnú yẹn ló ń kọjú sí húùkù. Òfin yìí kò yà lára máṣíìnì kankan tó ń rán tààrà. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì indọ́sítírì, òsì ni ìlà gígùn máa ń kọjú sí, a sì ń ti òwú láti òsì sí ọ̀tún.
6. Ẹ tì í sókè títí kò fi ní lè lọ mọ́.
7. Ẹ fi ṣúkúrúdíráfà de ṣúkúrù. Ọwọ́ lásán kò tó. Ẹ má dè é bí ẹni de táyà, kí ojú rẹ̀ má baà jẹ.
8. Ẹ ti òwú bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìlà gígùn.
9. Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì ní ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó tẹ pẹ́dàlì. Bí ẹ bá gbọ́ "kò", ẹ dúró kí ẹ wò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà ní ìgbésẹ̀ 6. Bí abẹ́rẹ́ bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀ wálẹ̀, máṣíìnì yóò máa fò, ẹ ó sì máa dá tẹ́ńṣàn lẹ́bi.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti kújú

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ń tẹ̀ lé ni wákàtí 8 tí máṣíìnì fi rán nǹkan ní tòótọ́, láìka àkókò tí ẹ fi gé aṣọ tàbí tí ẹ fi lọ ọ́. Aṣọ òkè tó ní fọ́nrán tó ń dán máa ń pa abẹ́rẹ́ kíá, gọ́ọ̀msítéè náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ ìyàwó bá pọ̀ nílẹ̀, tí ẹ ń rán aṣọ ẹbí ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì iṣẹ́.

Àmì rẹ̀:

- Ó ń dún "pọ́, pọ́" bí ó bá ti ń gún aṣọ
- Ó ń fa fọ́nrán sátíìnì tàbí síífọ́ọ̀nù yọ
- Ojú rírán ń fò níbi tí kò ti fò rí
- Òwú ń ya díẹ̀díẹ̀ kó tó já

Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ògbólógbòó sítọ́kìnnì. Bí ó bá gbé fọ́nrán, ó ti bàjẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ orí rẹ̀ lé gíláàsì tàbí ojú fóònù, kí ẹ tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti gíláàsì. Àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba láti orí dé ṣóńṣó. Ti DB×1 kò ní ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ yí i gbirigbiri lórí gíláàsì, kí ẹ wo bóyá ṣóńṣó rẹ̀ ń jó.

Bí abẹ́rẹ́ tuntun bá tún ń ṣẹ́, ẹ wo ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ máa ń fa aṣọ láti ẹ̀yìn fúùtù kó lè yára. Aṣọ tí wọ́n fà yóò tẹ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò sì lu irin ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ darí aṣọ. Eyín máṣíìnì ni yóò fà á. Ẹ fi ìka ọwọ́ yín kan etí ihò irin náà pẹ̀lú: bí abẹ́rẹ́ bá ti lù ú rí, yóò rí ṣákaṣàka, yóò sì máa gé òwú. Ẹ fi sánpépà tó kúnná jù lọ yún ibẹ̀ títí yóò fi dán.

Pínnì: bí ẹ ó ṣe fi mú aṣọ mọ́ra

Pínnì tín-ín-rín bí 0.5 mìlímítà ló dára fún sátíìnì àti síífọ́ọ̀nù. 0.6 dára fún àǹkárá. Ẹ wo orí rẹ̀: olórí gíláàsì kì í yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, olórí rọ́bà máa ń yọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ aṣọ, pàápàá lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú tí a kò lè dín ooru rẹ̀ kù kíá. Pínnì ọ́fíìsì kò yẹ ká fi gún aṣọ oníbàárà: ó nípọn, ó kújú, ó sì tètè ń dógùn-ún.

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ aṣọ. Aṣọ tó hunjọ kò ṣeé díwọ̀n.
2. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ojú kọ ojú. Kì í ṣe orí itan.
3. Ẹ fi pínnì kan sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sí ìparí, lẹ́yìn náà sí àárín tàbí ibi tí ẹ sàmì sí. Ẹ wá fi ìyókù kún àlàfo. Bí ẹ bá ń gún un lọ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, aṣọ tó wà lókè yóò máa rìn, ẹ ó sì rí i ní ìparí pé ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì.
4. Kí pínnì dábùú ojú ibi tí ẹ fẹ́ rán, kí orí rẹ̀ yọ síta ní etí aṣọ, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún yín ti lè fà á.
5. Kí ó bu aṣọ díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 3. Bí ó bá bu púpọ̀, aṣọ yóò kákò.
6. Lórí àǹkárá tó lọ tààrà, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 láàárín pínnì kan sí èkejì tó. Níbi ọrùn, ihò apá àti síífọ́ọ̀nù, 2 sí 3.
7. Bí ẹ bá ń rán an, ẹ fa pínnì yọ kí fúùtù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ń rán kọjá lórí pínnì, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá bá a pàdé, ègé irin lè fò wọ ojú èèyàn, máṣíìnì sì lè yẹ̀ débi tí ẹ ó fi sanwó àtúnṣe. Ẹ má ṣe é.

Bí aṣọ bá ní àwòrán tó gbọ́dọ̀ pàdé, bí òbírípo àǹkárá tàbí ìlà aṣọ òkè níwájú bùbá, pínnì dídábùú nìkan kò tó. Ẹ mú pínnì kan, ẹ gún un lóòró gangan gba àárín òdòdó aṣọ tó wà lókè, kí ó sì jáde ní àárín òdòdó kan náà lára aṣọ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi pínnì méjì dábùú, ọ̀kan lápá ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa. Ìgbà náà ni kí ẹ tó yọ èyí tó dúró. Ẹ ṣí aṣọ wò. Bí àwòrán kò bá pàdé, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó rán, nítorí títú rẹ̀ lára léèsì yóò jẹ yín lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń fi apá sí ẹ̀wù, ìhà apá ni kí ẹ ti gún pínnì, kì í ṣe ìhà ara, kí ẹ lè máa rí bí ẹ ṣe ń pín ìfẹ̀ orí apá náà káàkiri.

Aṣọ tí kò fẹ́ pínnì

- Àrán: pínnì máa ń tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ táakì rẹ̀ (ẹ fi òwú rán an gbàgẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀) láàárín etí tí ẹ ó rán sínú.
- Awọ àti rọ́bà: ihò pínnì kì í dí mọ́. Ẹ lo pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ, tàbí kílíìpù.
- Léèsì oníhò ńlá: pínnì máa ń jábọ́ gba ihò rẹ̀. Ẹ wá èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀, tàbí kí ẹ táakì.
- Sátíìnì: ẹ lè lo pínnì, ṣùgbọ́n inú etí tí kò ní hàn síta nìkan.

Bí ẹ kò bá ní pínnì rárá, táakì ló dára jù láti fi dípò rẹ̀. Ó gba àkókò, àmọ́ mo fara mọ́ ọn ju pínnì lọ lórí aṣọ tó ń yọ̀, nítorí ó ń mú u ní gbogbo ojú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́

Fún etí àti bọ́tìnnì lásán, nọ́ńbà 7 sí 9 tó. Fún ìlẹ̀kẹ̀ àti sítóònù, ẹ lo abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó gùn tó sì tín-ín-rín, nọ́ńbà 10 tàbí 12. Ẹ dán an wò pé ó lè gba ihò ìlẹ̀kẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹ ó padà gba inú rẹ̀.

Ẹ má gé òwú ju bíi 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìwọ̀n tó tó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ yóò máa lọ́ pọ̀. Ẹ fi síásọ́ọ̀sì gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi eyín já a. Bí kò bá wọlé, ẹ yí abẹ́rẹ́ padà: ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ máa ń rọrùn ju èkejì lọ. Fún bọ́tìnnì, ẹ fa òwú gba orí ìda oyin lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní lọ́, kò sì ní tètè gbó.

Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ (èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró) náà, ẹ lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti òwú tó lágbára. Abẹ́rẹ́ tó nípọn máa ń fi ihò sílẹ̀ tí aró yóò gbà wọlé, òwú tí kò lágbára yóò sì já nígbà tí ẹ bá ń fún un. Nígbà títú, òwú ni kí ẹ gé, ẹ má fa aṣọ.

Òjò àti ìdógùn-ún

Láti oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin pọ̀ níhìn-ín. Pínnì tó sùn sára aṣọ funfun lóru lè fi àmì pupa sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di òwúrọ̀ lára aṣọ oníbàárà.

- Ẹ kó abẹ́rẹ́ sínú agolo tó ní ìdérí, kì í ṣe ara fèrèsé tàbí ara ògiri
- Ẹ ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀. Ó ń fa ọ̀rinrin
- Ẹ fi àkísà tí ẹ kán epo máṣíìnì sí nu abẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ tọ́jú pẹ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó lò ó
- Èyí tó bá ti dógùn-ún, ẹ jù ú nù

Bí àmì ìdógùn-ún bá ti wà lára aṣọ òwú funfun, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu iyọ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ wá ṣan án nù. Ẹ má ṣe èyí lára àdìrẹ, àǹkárá tàbí aṣọ aláwọ̀ kankan: ọsàn lè ṣí àwọ̀ rẹ̀.

Ewu tí kò yẹ ká fojú kékeré wò

Ẹ má fi pínnì sẹ́nu. Àwọn ọmọṣẹ́ ń ṣe é, àwọn tó ń wé gèlè náà ń ṣe é. Ẹ̀rín kan tàbí ikọ́ kan ti tó láti gbé e lọ sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí ọ̀nà èémí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ẹni náà ní ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì láti tì í wálẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí kò bá ní ìrora.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Bí ó bá jìn tàbí tó dógùn-ún, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ègé rẹ̀ bá ṣẹ́ sínú ara, ẹ má tẹ ibẹ̀, ẹ má wá a fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sára aṣọ, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kíákíá. Omi gbígbóná máa ń mú kó lẹ̀ pa.

Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù:

- Ẹ ka pínnì. Iye tí ẹ kó jáde ni kó padà
- Ẹ fi irin òòfà gba ilẹ̀, kí ẹ sì fi ojú wò ó pẹ̀lú, nítorí òòfà kì í fa pínnì idẹ
- Abẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́, ẹ wá gbogbo ègé rẹ̀, títí kan abẹ́ bọ́bìnnì, kí ẹ tó tún rán ohunkóhun
- Ẹ kó ègé náà sínú agolo tí ẹ lu ihò tóóró sí lórí. Bó bá kún, ẹ fi sẹ̀lótéèpù dí i kí ẹ tó jù ú, kí ó má baà gún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí tàbí ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lórí ààtàn